Mẹ́dàlì tó wà láyà ọ̀tún

Kàbà,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi,

Okun o! O kú òtútù Hamburg. Àwọn ìbejì ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ yìí ju èyí tí èèyàn ń sọ sórí fóònù lọ. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn.

Mo ti dé Ìsánlú nítorí kàkí ológun bàbá àgbà yín tí o ní kí n tún ṣe. Ọjọ́bọ̀ ni mo lọ, ọ̀nà Mọ̀pà sì gbo mí bí ẹni gbo ewé. Bàbá kékeré yín ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Àpótí irin náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí o ṣe wí, kàfúrà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi nímú lọ. Kàkí bàbá àgbà yín kò bàjẹ́ tó bí mo ṣe rò. Kòkòrò jẹ ọrùn ọwọ́ kan díẹ̀, bọ́tìnnì kan já, ó tán.

Mẹ́dàlì mẹ́ta ló wà láyà òsì. Méjì jẹ́ ìràwọ̀ onígun mẹ́fà. Ọ̀kan nínú wọn ni ti Bọ́mà: pupa láàárín rìbọ́ọ̀nù, búlúù kíkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ilà ọlọ́sàn tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú búlúù kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta rí róbótó, kìnnìún dúró lé dírágónì lórí. Ti ogun Hitler ni gbogbo wọn, kò sì sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára wọn, torí ọ̀pọ̀ èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pín lẹ́yìn ogun yẹn, wọn kò kọ orúkọ sí i. Ìyẹn kò gbà mí lákòókò.

Ẹ̀kẹrin tó dá wà láyà ọ̀tún ló mú mi jókòó. Bàbá kékeré ní, “Èyí ni ti akin. Ọ̀tá tí bàbá pa ló pọ̀ tí wọ́n fi fún wọn.” Wọ́n ní àwọn ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ètò ìrántí bàbá. Mo dákẹ́, n kò ní já àgbà nírọ́ nínú ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n, ọ̀rẹ́ mi, ta ló ń ya àwòrán ọmọdé sójú mẹ́dàlì apànìyàn?

Ọmọdé ló wà níbẹ̀ o. Ìhòòhò ni, aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ kan ń fẹ́ lára rẹ̀, ó di ògùṣọ̀ tó ti kú mú, ó ń fẹnu fẹ́ ẹ. Mo fi kámẹ́rà fóònù fa lẹ́tà tó yí àwòrán náà ká súnmọ́ ojú mi: LATEAT SCINTILLVLA FORSAN. Èdè Látìn ni. Ohun tó ń wí ni pé bóyá ìpẹ́pẹ́ iná kan ṣì sá pamọ́ síbẹ̀. Royal Humane Society ló ń fún ẹni tó bá gba ẹ̀mí là ní irú rẹ̀. Ọdún 1774 ni àwọn dókítà méjì, William Hawes àti Thomas Cogan, dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá fà jáde látinú omi tí kò mí mọ́, òkú ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ká má tíì gbẹ́ ilẹ̀, ká kọ́kọ́ gbìyànjú ná. Mẹ́dàlì wọn ìgbà àkọ́kọ́ tóbi, wọn kì í so ó mọ́ aṣọ. Ọdún 1869 ni wọ́n sọ ọ́ di kékeré, mílímítà 38, tí wọ́n sì gbà kí èèyàn máa fi sáyà ọ̀tún. Mo fi tépù ìránṣọ mi wọn ti ilé yín: 38 géérégé.

Rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ kọ́kọ́ ṣì mí lọ́nà. Dúdú ni mo rí, mo sì ti kà pé mẹ́dàlì ìgbẹ̀mílà tí ẹgbẹ́ St John bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní 1874, rìbọ́ọ̀nù dúdú ni wọ́n ń so ó mọ́ látijọ́, àyà ọ̀tún náà sì ni. Iṣẹ́ télọ̀ ló yọ mí. Mo rọra tú ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tó ṣẹ́ po lábẹ́ irin tí oòrùn kò dé. Aró ni, ọ̀rẹ́ mi! Aró gidi, bí ẹtù tí wọn kò tíì fọ̀ rí. Búlúù kíkì ni ti Humane Society.

Bí ó bá jẹ́ ti ìjọba ni, bíi Albert Medal, mẹ́dàlì ìgbẹ̀mílà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1866, àyà òsì ni ìbá wà láàárín àwọn yòókù, kò sì ní rí róbótó. Ní Jámánì tí o wà yẹn, ẹ̀yin náà ní tiyín. Bismarck, olórí ìjọba Jámánì àtijọ́ tí ère rẹ̀ gàgàrà wà ní Hamburg, ọdún 1842 ló fa ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin rẹ̀ jáde nínú adágún. Mẹ́dàlì tó gbà fún un, òun nìkan ló ń fi sáyà fún ọdún púpọ̀. Ẹ kí i fún mi bí ẹ bá kọjá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Àbújá bá mi jiyàn. Ó fi fọ́tò bàbá ránṣẹ́, níbi tí mẹ́dàlì ọ̀hún ti wà láyà òsì. Mo ní kó wo bọ́tìnnì. Aṣọ ọkùnrin, apá òsì ló máa ń gun orí apá ọ̀tún. Ti inú fọ́tò yẹn yí sódì bíi búláòsì ìyá mi. Ẹni tó da fọ́tò náà kọ ló dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn. Kò tíì fèsì títí di ìsinsìnyí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Irú mẹ́dàlì yìí kò dà bíi ti Bọ́mà, wọ́n máa ń fín orúkọ ẹni tó gbà á àti ọjọ́ tó ṣe oore náà sí etí rẹ̀. Ẹnì kan nínú àwọn ọmọ ilé ti fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó o kó lè máa dán. (Jọ̀ọ́, pàṣẹ fún wọn. Idẹ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú yẹn, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.) Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀. Orúkọ ìdílé yín ló wà níbẹ̀. Lẹ́tà tó ṣáájú rẹ̀ kì í ṣe ti bàbá àgbà yín. Ọdún tó wà níbẹ̀ sì ṣáájú ogun, nígbà tí bàbá ṣì ń sáré kiri ní ìhòòhò.

Mo gbé e lọ bá Ìyá Òkè, àgbà ilé yín. Ojú wọn kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ojú mẹ́dàlì náà títí, wọ́n ní, “Ti ẹ̀gbọ́n wa ni. Lọ́kọ́ja ló ti ń tukọ̀. Ọmọ oníṣòwò kan bọ́ sódò, ó bẹ́ tẹ̀ lé e. Nígbà tó gbé e dé bèbè, wọ́n ní ó ti kú. Òun ní rárá, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó ń fẹ́ ẹ.” Wọ́n ní kò bímọ kó tó lọ, ìyẹn ni wọn kì í fi í dárúkọ rẹ̀. Bàbá àgbà yín ló gba mẹ́dàlì náà pa mọ́.

Àṣà àwọn ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì ni pé ẹni tó bá ń lo mẹ́dàlì ẹbí rẹ̀ tó ti kú, àyà ọ̀tún ni kó fi í sí. Bàbá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọn kò fi jí ògo ẹnikẹ́ni.

Ní tèmi, kí wọ́n pa gbólóhùn “ọ̀tá tó pa” rẹ́, kí wọ́n sì fi orúkọ ẹ̀gbọ́n síbẹ̀. Ṣùgbọ́n n kì í ṣe ọmọ ilé, ìwọ ni kó o bá Bàbá kékeré sọ ọ́. Wọn yóò bínú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni kó o fi mú wọn. Ọjọ́ Ẹtì ni ìwé ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, má jẹ́ kó pẹ́.

Mo ti rán bọ́tìnnì padà. Mo fi òwú dí ibi tí kòkòrò jẹ. Ihò píìnì méjì tó wà láyà ọ̀tún, n kò fọwọ́ kàn án.

Bá mi fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ rẹ, télọ̀ Kàbà.