Kí O Tó Dúró fún Ọmọ Ọlọ́mọ ní Kóòtù

Kàbà,
Ìpínlẹ̀ Kogi.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Okùn o. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló sọ fún mi pé o ti forúkọ sílẹ̀ láti máa dúró fún àwọn ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ àti àwọn tí wọ́n pa tì, níwájú adájọ́ ní Lọ́kọ́ja. Inú mi dùn sí i gan-an. Ṣùgbọ́n àánú nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti dé kóòtù, àwọn tó ń ṣàánú rẹ̀ ti pọ̀. Ẹni tó máa yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò fínnífínní, tó máa kọ ọ́ sílẹ̀, tí kò sì ní fi í sílẹ̀ títí ẹjọ́ fi máa parí, ni kò ní.

Adájọ́ kan tó ń jẹ́ David Soukup ló bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1977. Ó rí i pé òun ń pinnu ibi tí ọmọ máa gbé láìsí ẹnì kan níbẹ̀ tó jẹ́ pé ire ọmọ náà nìkan ló jẹ ẹ́ lógún. Ló bá ń yan àwọn ará ìlú tí wọn kì í ṣe lọ́yà, kí wọ́n lọ wádìí kí wọ́n wá jábọ̀. Níbẹ̀, bíi wákàtí 30 ni wọ́n fi ń kọ́ wọn kí wọ́n tó gba ẹjọ́ ọmọ kan. Lọ́dọ̀ tiwa, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Kogi náà ti sọ di òfin tirẹ̀, fàyè gba kóòtù láti yan ẹni tó máa dáàbò bo ire ọmọ nínú ẹjọ́. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ni òfin náà pè ní ọmọdé. Májísíréètì kì í dá jókòó ní kóòtù ẹbí. Ẹni méjì ló ń bá a jókòó, nítorí náà kọ ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa lóye.

Níbi tó o ti ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ ni nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́. Kọ́kọ́ ka ohun tó ti sọ fún ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ wẹ́fíà, kí o má baà tún mú un sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Jókòó sí ìsàlẹ̀ níbi tí ojú yín ti máa ṣe déédéé, má sì jókòó dí ẹnu ọ̀nà. Má bi í pé, “Ṣé bàbá rẹ ló fi wáyà nà ọ́?” O ti fi ìdáhùn sí i lẹ́nu nìyẹn, lọ́yà tó wà lódì kejì yóò sì ní ìwọ lo kọ́ ọ. Wí pé, “Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi.” Tó bá dákẹ́, kí ìwọ náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà, “Kí ló tún wá ṣẹlẹ̀?” Bó bá ń sọ ẹ̀ka èdè Owé tàbí ti Yàgbà, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni kí o kọ ọ́, kí o wá kọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sábẹ́. Bó bá jẹ́ ọmọ Ẹ̀bìrà, wá ògbufọ̀ tí kì í ṣe ará ilé rẹ̀. Má sì ṣèlérí fún un láé pé o kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, torí dandan ni kí o sọ.

Ìwọ kọ́ lo máa bọ́ aṣọ ọmọ wò. Dókítà ló ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n mọ ohun tí o ń rí. Ọgbẹ́ orúnkún àti ojúgun, eré ló sábà máa ń fà á. Ti etí, ẹ̀yìn àti itan gba ìbéèrè. Omi gbígbóná tó ṣèèṣì dà máa ń ta káàkiri ara. Bí wọ́n bá ti ẹsẹ̀ ọmọ bọ̀ ọ́, ojú iná náà máa ń ní ààlà yíká bíi ti ìbọ̀sẹ̀. Àmì dúdú aláwọ̀ aró tó wà ní ìdí ọmọ ọwọ́ lè jẹ́ àbímọ́ni, gbẹ́rẹ́ sì wà tí wọ́n sín fún ìtọ́jú. Ẹni tó bá kọ ìwọ̀nyí sílẹ̀ bí ojú nínà ti ba ẹjọ́ ọmọ náà jẹ́, nítorí wọn kò ní gba ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ mọ́.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Kí wọ́n má wẹ̀ fún un kí dókítà tó rí i. Inú àpò ìwé ni kí wọ́n kó aṣọ rẹ̀ sí. Ọ̀rinrin inú ọ̀rá máa ń ba ẹ̀rí jẹ́. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kì í búra, kò sì sí ẹni tí wọ́n lè dá lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nìkan láìsí ẹ̀rí mìíràn tó gbè é lẹ́sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ aṣọ àti ìwé dókítà.

Má ka òṣì sí ìpatì o. Ilé tí gbogbo wọn ti ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n nílò. Èyí tí àwọn yòókù ti yó, tí ọ̀kan ń fi ebi sùn, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Mú ìwé àṣẹ kóòtù dání lọ sí ilé ìwé rẹ̀, kí o wo rẹ́jísítà. Fi ọjọ́ tí kò wá wé ọjọ́ ọjà ìlú náà. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ ọjà ló ń pa ilé ìwé jẹ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa fi í kiri ọjà, ìwé yẹn sì máa ràn án lọ́wọ́ ju ẹnu aládùúgbò mẹ́wàá lọ.

Àwọn àgbà máa wá bá ọ. Ilẹ̀ Okùn kò tóbi. Wọ́n á mọ ọmọ ẹni tí o jẹ́, wọ́n á ní ká parí rẹ̀ nílé. Kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, má gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, sọ pé ọ̀dọ̀ kóòtù ni ọ̀rọ̀ wà, kí o sì kọ ìbẹ̀wò náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

Ìròyìn rẹ kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé mélòó kan lọ: àwọn tí o bá sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ rẹ̀, ohun tí o fojú ara rẹ rí, ohun tí ọmọ náà fẹ́, ohun tí ìwọ dábàá. Má da méjì tó kẹ́yìn pọ̀. Ọmọ lè ní òun fẹ́ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń nà án. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí o wá sọ ìdí tí èrò tìrẹ fi yàtọ̀.

Wọ́n máa sún ẹjọ́ síwájú, á sì sú ọ. Ní 2021, ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù ti ilé ẹjọ́ pa fún bí oṣù méjì. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn máa ń sá. Ìwọ máa lọ rí ọmọ náà, ì báà jẹ́ ọjọ́ tí kò sí ohun tuntun láti sọ, kí o sì ṣàlàyé fún un pé ẹ̀bi rẹ̀ kọ́ ló fa ìdádúró.

Òfin kò gbà kí wọ́n gbé orúkọ, àwòrán tàbí ilé ìwé ọmọ náà jáde, nítorí náà kò sí fọ́tò lórí WhatsApp, kódà láàárín ọ̀rẹ́. Bó o bá sì ń bọ̀ wálé fún ọdún, fi fáìlì náà sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja. Èmi náà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kà á.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.