Ẹ má hú eèsún etí odò tegbòtegbò

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún àwọn tó ń tún àdúgbò ṣe ní Abẹ́òkúta pé kí wọ́n yé fi katakata họ eèsún etí odò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń parí lọ ni wọ́n ń dé, wọn a ní àwọn ń gba igbó kúrò lọ́nà omi. Wọ́n á hú gbogbo rẹ̀, wọ́n á fi ilẹ̀ pupa sílẹ̀ ní ìhòòhò. Òjò ńlá àkọ́kọ́ báyìí, ilẹ̀ yẹn ló ń bá omi lọ, yanrìn á dí ojú kòtò níwájú, a ó sì tún máa pariwo pé àgbàrá wọlé. Bí wọ́n bá wá ṣí omi Dáàmù Ọyán tí Odò Ògùn kún, kí ni yóò di bèbè odò mú?

Ilẹ̀ Áfíríkà ni orírun eèsún. Ibi tí ilẹ̀ bá ti lọ́ràá tí omi kò sì jìnnà ló ń wù ú: etí odò, àbàtà, ìpẹ̀kun oko. Ó lè ga ju mítà 3 lọ. Ẹ gé e, yóò rú láti ìdí. Ẹ sun ún, yóò tún hù. Gbòǹgbò rẹ̀ tó díjú mọ́ra ni kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣí.

Mi ò sọ pé kò ní wàhálà o. Àgbẹ̀ tó ti fi ọkọ́ bá a jà rí mọ̀ ọ́n, ewé rẹ̀ a sì máa yani lọ́wọ́ bí abẹ. Ní Florida, ní Amẹ́ríkà, èpò àjèjì ni wọ́n kà á sí, torí ó ń gba ilẹ̀ mọ́ ewéko ibẹ̀ lọ́wọ́. Wọn ò jayò pa. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kì í ṣe ilé rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa níbí ni ilé rẹ̀.

Ọ̀yà tí ẹnu wa ń wá lójú ọ̀nà, eèsún ló ń jẹ, inú rẹ̀ ló sì ń sá sí. Ẹyẹ ẹ̀gà ń ya ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ fi hun ìtẹ́. Ní Kẹ́ńyà, àwọn àgbẹ̀ ń gbìn ín yí oko àgbàdo ká: àfòpiná tí ìdin rẹ̀ ń gún igi àgbàdo á yà sórí eèsún lọ yé ẹyin, oje rẹ̀ tó ń lẹ̀ á sì pa púpọ̀ nínú àwọn ìdin náà. Bràsíìlì ń gbìn ín fún màlúù. Àwa ń dáná sun ún.

Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fi eèsún sílẹ̀ nínú gọ́tà. Kí wọ́n kó ìyẹn kúrò, ó tọ́. Èyí tó wà ní bèbè odò ni mò ń sọ: kí wọ́n fi àdá gé e, kí wọ́n fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì ké sí àwọn tó ń sin ewúrẹ́ àti màlúù pé kí wọ́n wá kó o nígbà tó ṣì tutù, torí bó bá ti gbó, ẹran kì í fẹ́ ẹ mọ́. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Alábàtà nítòsí. Àwọn tó mọ̀ nípa koríko kò wọ́n níbẹ̀. Kí wọ́n pè wọ́n kí katakata tó jáde.

Òǹkàwé yín kan,
Ìta-Òṣìn, Abẹ́òkúta