Màámi, Ẹ Má Bi Mí ní Kílò Mọ́

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú àdúrà. Mo mọ̀ pé ara yín le, nítorí ohùn yín dún ketekete lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ nípa tèmi, ọpẹ́ ni: ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ tí mo ṣe kí n lè rù ti jinná pátápátá, mò ń lọ síbi iṣẹ́, mo sì ń sùn dáadáa. Mo kí Bùọ̀dá Délé àti ìyàwó wọn, mo kí Àǹtí Bísí, mo sì kí Títí tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Títí, rọra kà á o, má fo ibì kankan.

Ìdí tí mo fi kọ ọ́ dípò kí n pè ni pé ọ̀rọ̀ náà gùn, tí mo bá sì ń sọ ọ́ lórí fóònù, gbogbo yín ni yóò máa dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ìgbà tí a bá ti ń sọ̀rọ̀, ohun tí ẹ máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Kílò mélòó ló tún lọ?" Ìdáhùn kò nira fún mi tẹ́lẹ̀, torí kílò ń lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti ṣe díẹ̀ báyìí tí òṣùwọ̀n dúró sójú kan. Mo gùn ún láàárọ̀, nọ́ńbà àná ni. Mo tún gùn ún, ó fi díẹ̀ lé e. Ọjọ́ tí mo sọ ọ́ fún yín ni ilé dàrú. Bùọ̀dá Délé ní kí n gbààwẹ̀. Àǹtí Bísí ní kí n lo oògùn ìyàgbẹ́. Ẹ̀yin ò sọ̀rọ̀, Màámi, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí ẹ ṣe mí kanlẹ̀, mo sì mọ ohun tó wà lọ́kàn yín: wọ́n ti la ọmọ mi nínú lásán.

Wọn ò là mí lásán. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń pè ní sleeve ni wọ́n ṣe fún mi. Nínú àpò tó ń gba oúnjẹ sínú ikùn, wọ́n gé bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún kúrò, èyí tó ṣẹ́kù wá rí tẹ́ẹ́rẹ́. Apá tí wọ́n gé sọnù yẹn gan-an ni èyí tó pọ̀ jù nínú họ́mónù kan tó ń jẹ́ ghrelin ti ń wá, òun ló máa ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ebi ń pa wá. Ìdí nìyí tí mo fi lè jókòó ti oúnjẹ kí ọkàn mi má fà sí i. Títí di òní, oúnjẹ inú abọ́ ọmọ kékeré ló ń yó mi, tí mo bá fi ṣíbí kan lé e, àyà mi á ki. Bí iṣẹ́ abẹ náà bá ti bàjẹ́, ibẹ̀ ni n bá ti kọ́kọ́ mọ̀.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún yín. Òṣùwọ̀n ti dúró rí kí èyí tó wáyé, nígbà tí mi ò tíì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí mo kúrò ní ọsibítù. Ó wọ́pọ̀ gan-an láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin, débi pé àwọn tó ti ṣe é ṣáájú mi sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ń pè é ní ìdúró ọ̀sẹ̀ kẹta. Omi ló ń fà á. Ara a máa tọ́jú ṣúgà díẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti inú iṣan, glycogen lorúkọ rẹ̀. Ẹ fi wé owó àpò, kí ẹ fi ọ̀rá wé owó tó wà ní báńkì. Nígbà tí oúnjẹ bá dín kù lójijì, owó àpò ni ara máa kọ́kọ́ ná. Gbogbo rẹ̀ kò ju bí ìdajì kílò lọ, ṣùgbọ́n gíráàmù kọ̀ọ̀kan di omi bíi gíráàmù mẹ́ta mọ́ra. Bó ṣe ń lọ, omi ń bá a lọ. Ohun tó jẹ́ kí kílò máa já wìtìwìtì níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tí Bùọ̀dá Délé ń pàtẹ́wọ́ lórí fóònù. Omi ló pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé mi kúrò lórí ohun mímu bọ́ sórí oúnjẹ rírọ̀, ara bá rí díẹ̀ dá padà sápò, omi sì bá a wọlé. Ọ̀rá ń jáde, omi ń wọlé, òṣùwọ̀n ò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Ó dúró, ó dúró, àfi lọ́jọ́ kan tí mo gùn ún tí ó sì ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò ṣe nǹkan kan tó yàtọ̀ sí ohun tí mo ti ń ṣe.

Tìsinsìnyí le díẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ara tó kéré ń ná agbára tó kéré. Nígbà tí mo sanra, kí n kàn dìde kí n rìn dé ẹnu ọ̀nà, iṣẹ́ ni. Ẹrù tí ara mi ń gbé ti fúyẹ́ báyìí. Ara tún gbọ́n, tó bá ti rí i pé oúnjẹ kò wọlé mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, á máa ṣọ́ ìná. Oúnjẹ tó mú mi rù lóṣù tó kọjá lè jẹ́ èyí tó kàn ń gbé mi ró lóṣù yìí. Tí nǹkan oṣù bá tún sún mọ́, tàbí tí ìgbẹ́ bá le, ẹ fi ìyẹn kún un.

Bùọ̀dá mi, ẹ má bínú, ààwẹ̀ kò bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Purotéènì tí wọ́n ní kí n máa jẹ lójúmọ́, láti 60 dé 80 gíráàmù ni. Ẹyin kan kò fún èèyàn ju bíi mẹ́fà lọ. Adìẹ sísè tó wọn 100 gíráàmù á fún un ní bí ọgbọ̀n, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá mi jẹ adìẹ 100 gíráàmù tán níjókòó kan pẹ̀lú ikùn tí mo ní yìí? Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í fọwọ́ kan nǹkan mìíràn nínú àwo kí n tó jẹ ẹran tàbí ẹja tàbí ẹ̀wà inú rẹ̀ tán. Bí mo bá pa oúnjẹ ọjọ́ kan jẹ, n kò lè fi tọ̀la dí i, kò sáyè. Tí purotéènì ò bá sì tó, iṣan ni ara máa jẹ mọ́ ọ̀rá, bẹ́ẹ̀ iṣan ló ń bá wa ná agbára. Òṣùwọ̀n lè sọ̀ nítorí ààwẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ohun tí kò yẹ kó lọ ló máa lọ.

Ẹ tún wo ti omi. Ó kéré tán lítà kan àtààbọ̀ lójúmọ́, mi ò sì lè gbé ife sẹ́nu kí n gbé e mì bíi tàwọn tó kù. Mo gbé ìgò sórí tábìlì ibi iṣẹ́, mo ń mu ún díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀: mo tẹ̀wé díẹ̀, mo fẹnu kàn án, mo dáhùn fóònù tán, mo tún fẹnu kàn án. Tí oúnjẹ bá ti dé, mo gbé ìgò kúrò nílẹ̀, ó di bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí mo jẹun tán kí n tó padà sí i. Gbogbo ọjọ́ ni mo fi ń mu ún tán. Àìmu omi tó wà lára ohun tó sábà máa ń dá àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí padà sí ọsibítù. Ẹ wá ní kí n gbààwẹ̀!

Àǹtí Bísí, ẹ ṣeun fún àníyàn yín. Oògùn ìyàgbẹ́ kò mọ ọ̀nà ibi tí ọ̀rá wà. Omi àti iyọ̀ ara ló máa gbọ̀n dànù, òṣùwọ̀n á sọ̀ fún ọjọ́ kan, èmi á sì máa gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe. Mi ò lò ó.

Mo ti lọ bá àwọn tó ń tọ́jú mi. Nọ́ọ̀sì tó rí mi kò tilẹ̀ kọ́kọ́ wo òṣùwọ̀n. Ó jókòó, ó ṣí ìwé, ó ní kí n ka gbogbo ohun tó gba ẹnu mi kọjá lánàá fún òun, títí kan èyí tí mo rò pé kò tó nǹkan. Mo kà á. Ó ń kọ ọ́. Ó bi mí bóyá mò ń mu ohun mímu aládùn, torí èyí tó bá ti jẹ́ olómi kì í jókòó nínú ikùn, ó ń kọjá lọ ni, kì í yóni, bẹ́ẹ̀ ṣúgà inú rẹ̀ pé. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni bisikíìtì àti áísìkiriìmù ṣe máa ń ṣe, wọ́n á yọ́ lẹ́nu, wọ́n á yọ̀ sọ̀ kalẹ̀, èèyàn á máa jẹ díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ láìmọ̀ pé òun jẹun. Ó bi mí nípa oorun, ó bi mí nípa ìgbẹ́, ó bi mí bóyá wọ́n ti fún mi ní oògùn tuntun níbòmíràn, nítorí àwọn oògùn kan wà tó ń múni sanra. Ìgbà tó ṣe gbogbo ìyẹn tán ló tó fa téèpù yọ láti inú àpò aṣọ rẹ̀, ó yí i ká ìbàdí mi, ó fi ìka mú ojú ibi tó dé, ó sì gbé ìwé ti tẹ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìbàdí mi ti dín kù, láàárín àkókò kan náà tí òṣùwọ̀n ní nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó ní kí n wo ṣòkòtò mi. Mo wò ó. Bẹ́líìtì ni kò jẹ́ kó já sílẹ̀.

Ó ní kí n máa gbé nǹkan tó wúwo díẹ̀ kí iṣan má bàa lọ, kí n sì máa gun òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀, lọ́jọ́ kan náà, lẹ́yìn tí mo bá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé, kí n tó jẹ ohunkóhun. Mo ti tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Màámi, mi ò ní tàn yín. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òṣùwọ̀n máa dúró tí kò ní sọ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ ní Sweden bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ báyìí láti 1987, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n. Àwọn tí wọ́n ṣe ti bypass fún, ìyẹn irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń yí ọ̀nà oúnjẹ padà nínú ikùn, tó le ju tèmi lọ díẹ̀, pàdánù bí ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn láàárín ọdún kan sí méjì. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹwàá, ó ti rọ̀ sí bí ìdá 25. Díẹ̀ padà, èyí tó pọ̀ jù kò padà. Ibi tí ọ̀nà yìí ń lọ nìyẹn, ẹ má retí ẹni tó wà nínú fọ́tò ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́yege mi. Ohun tí èmi ń wá ni èyí tí mo ti ń rí: ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti rọlẹ̀, dókítà sì ti dín oògùn rẹ̀ kù. Orúnkún kò dùn mí mọ́ tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn. Ẹ ò bi mí léèrè ìyẹn rí.

Ohun tó lè dẹ́rù bà mí ni kí n máa bì láìdáwọ́ dúró, tàbí kí omi má lè sọ̀ kalẹ̀, tàbí kí inú máa ro mí burúkú. Tí ìkankan nínú wọn bá ṣẹlẹ̀, n kò ní dúró pe yín kí n tó gba ọsibítù lọ. Fítámì tí màá máa lò títí ayé, mò ń lò ó, kálísíọ́mù pẹ̀lú.

Nítorí náà, tí ẹ bá pè lọ́jọ́ Àìkú, ẹ bi mí pé ṣé mo ti mu omi. Ẹ bi mí nípa orúnkún. Tí òṣùwọ̀n bá sọ̀, èmi fúnra mi ni màá kọ́kọ́ pariwo, ẹ ti mọ̀ mí.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọlákẹ́

Títí, ìwọ nìkan ni kí o ka ibí yìí, má kà á síta. Irun mi ń já. Tí mo bá yà á, ó ń bá kóòmù lọ ní ìdì-ìdì. Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ó lè bẹ̀rẹ̀ ní bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àti pé ó sábà máa ń hù padà tí purotéènì àti èròjà irin bá tó lára, wọ́n sì ti gba ẹ̀jẹ̀ mi láti wò ó. Mo ti gé e mọ́lẹ̀. Tí mo bá pè yín lórí fídíò tí Màámi bá rí orí mi, kí ìwọ tètè sọ pé ó bá mi lójú mu kí wọ́n tó la ẹnu.