Ìṣẹ́jú Kan Péré: Lẹ́tà sí Adéwálé Nípa Hawaii Clipper

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Adéwálé,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ara mi le, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá ọ sọ, ìwọ tí o sì ti ń tún rédíò ṣe láti ìgbà èwe rẹ ni mo mọ̀ tí ó lè bá mi dá sí i. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú ojú omi tí wọ́n ń pè ní Hawaii Clipper ni, èyí tí ó wọ inú àwọsánmà lórí Òkun Pàsífíìkì ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1938, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ títí di òní.

Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ pé Yunifásítì Miami ni àwọn ìwé Pan American, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí ó ni ín, wà, ibẹ̀ ni mo ti ń lo ọjọ́ ìsinmi mi. Ilé-iṣẹ́ Martin ní Baltimore ló kan ọkọ̀ náà, òun pẹ̀lú méjì mìíràn tí ó jọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló ní, ìyẹ́ rẹ̀ sì gùn tó 130 ẹsẹ̀ bàtà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ó gbéra ní Alameda, lẹ́bàá San Francisco, ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ó sì ń ti erékùsù bọ́ sí erékùsù: Honolulu, Midway, Wake, Guam. Manila nìkan ló kù. Ènìyàn 15 ló wà nínú rẹ̀, òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án lábẹ́ ọ̀gákọ̀ Leo Terletsky, àti èrò mẹ́fà.

Ní àná, mo tẹ́ máàpù sórí tábìlì, mo fi rúlà fa ìlà láti Guam dé Manila, nǹkan bíi 1,600 máìlì, mo sì fi pẹ́ńsù tọ́ka síbi tí wọ́n ti ránṣẹ́ kẹ́yìn: 12°27′ ní àríwá, 130°40′ ní ìlà-oòrùn. Omi ló yí àmì pẹ́ńsù náà ká. Bí mo ṣe gbé ọwọ́ kúrò, tí mo rí i pé kò sí erékùsù kankan nítòsí tí wọn ìbá sáré balẹ̀ sí, àánú wọn ṣe mí gidigidi.

Ibi tí mo ti nílò rẹ nìyí. Lẹ́yìn agogo méjìlá ọ̀sán ní Philippines, William McCarty tí ó ń mójútó rédíò ọkọ̀ náà jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n dé, ó sọ pé àwọsánmà pọ̀, afẹ́fẹ́ sì ń mì wọ́n díẹ̀. Ẹni tí ó ń gbọ́ ọ nílẹ̀ fẹ́ fi ìròyìn ojú ọjọ́ ránṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n McCarty ní kí ó dúró fún ìṣẹ́jú kan ná, nítorí pé ariwo òjò, ìyẹn ariwo tí òjò máa ń dá sínú rédíò, ń dí òun lọ́wọ́. Ẹni náà dúró. Nígbà tí ó pè é, kò gbọ́ èsì.

Èrò mi ni pé ariwo òjò a máa dí etí ẹni tí ń gbọ́. Kì í pa ohùn ẹni tí ń ránṣẹ́. Bí ọ̀ràn kan bá ń dé bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì kan bá ń kú lọ tàbí tí epo ń jò, ṣebí McCarty ìbá ti tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pé wàhálà dé, ì báà jẹ́ pé òun kò gbọ́ èsì? Nítorí náà, mo gbà pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yára kánkán, tàbí pé wáyà rédíò wọn já, tàbí pé iná rẹ̀ kú. Ìwọ ni kí o sọ fún mi bóyá mo ṣi í rò.

Ohun kan wà tí ó mú mi ronú bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1938 kan náà, ọkọ̀ mìíràn ti ilé-iṣẹ́ yìí, Samoan Clipper tí Edwin Musick ń wà, gbiná lójú ọ̀run nítòsí Pago Pago, gbogbo àwọn méjèèje tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ní ti Hawaii Clipper, ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Meigs rí epo tí ó léfòó lójú omi ní bíi 28 máìlì sí ibi àmì pẹ́ńsù mi, ṣùgbọ́n wọn kò rí pákó, wọn kò rí àga, wọn kò rí òkú. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, wọ́n dá wíwá dúró.

Ìtàn tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù ni ti owó. Wọ́n ní Wah Sun Choy, oníléoúnjẹ kan láti Jersey City, kó owó rẹpẹtẹ dání fún ìjọba Ṣáínà tí ó ń bá Jàpáàn jagun, àti pé àwọn ará Jàpáàn já ọkọ̀ náà gbà lọ sí erékùsù Truk. Òtítọ́ ni pé Jàpáàn ló ń ṣàkóso ọ̀pọ̀ erékùsù tí ó yí Guam ká nígbà náà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun, àwọn erékùsù wọ̀nyí bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà, kò sì sí ìyẹ́ tàbí egungun kan tí wọ́n fi hàn pé ti ọkọ̀ náà ni. N kò gba ìtàn náà gbọ́. Mo mọ ìdí tí ó fi wù wọ́n, àwọn àgbà wa ṣáà ní ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ. Ẹni tí ènìyàn rẹ̀ bá sọnù yóò di ohunkóhun mú. Ohun tí ó dùn mí ni pé owó náà ti bo àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Fred Meier wà níbẹ̀, onímọ̀ àrùn irúgbìn tí ó ti fún Charles Lindbergh, gbajúmọ̀ awakọ̀ òfurufú, ní ohun èlò ní ọdún 1933 kí ó fi kó hóró ebu tín-ín-tín láti inú afẹ́fẹ́ lókè ìhà àríwá ayé. Ó ń wá ọ̀nà tí àrùn oko fi ń bá afẹ́fẹ́ rìn. Earl McKinley náà wà níbẹ̀, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Washington, tí ó ń lọ sí Philippines nítorí iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹ̀tẹ̀. Iṣẹ́ wọn bá wọn lọ.

Jọ̀wọ́, wo ọ̀rọ̀ ariwo òjò yìí fún mi dáadáa. Nínú rédíò àtijọ́, bí ọkọ̀ bá ń gba inú òjò kọjá, ṣé òjò lè dí ohùn ẹni tí ń ránṣẹ́ pẹ̀lú, tàbí etí nìkan ló ń dí? Bí ó bá jẹ́ pé ó lè dí méjèèjì, a jẹ́ pé McCarty lè ti pè, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Má ṣe jẹ́ kí èsì pẹ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Bánkọ́lé