Béèrè Ògiri Ẹ̀yìnkùlé: Lẹ́tà sí Ọmọ Mi ní Toronto

Òkèsà, Iléṣà,
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá, 2025.

Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ ẹ, mo kí ọmọ. Ẹ kú òtútù. Àwa náà wà ńlẹ̀, a dúpẹ́. Bàbá ẹ ń kí ọ. Yèyé, ìyá mi, ń kí ọ, wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé àwọn ti ń rìn dé ẹnu ọ̀nà ìta báyìí láìdi ẹnikẹ́ni mú. Àbúrò ẹ ló máa ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò, tí yóò fi ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp. Mo mọ̀ pé mo lè pè ọ́, ṣùgbọ́n tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà, yálà iná á lọ, tàbí ọmọ á bú sẹ́kún, tàbí ìwọ á ní o ti ń wọ ibi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí sì ti pẹ́ nínú mi.

Ọ̀rọ̀ ìṣubú Yèyé ni, àti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹ tó bọ́.

Ṣé o rántí oṣù Kẹsàn-án èṣí, nígbà tí Kábíyèsí Ọba Adékúnlé Aromọ́láran wàjà? Mo wà ní ìsọ̀ mi ní Ọjà Àtàkúnmọ́sà, mò ń ṣa obì sínú apẹ̀rẹ̀, ni fóònù dún. Ìwọ ni. O ní, "Mọ́mì, ṣé òótọ́ ni wọ́n ní Ọwá ti wàjà?" Mi ò tíì gbọ́. Ìyá tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ò tíì gbọ́. Ọba tó gorí oyè láti 1982, tó lo ọdún méjìlélógójì, inú ìlú kan náà la jọ wà, ọmọ tó wà ní Kánádà ló wá tú u fún mi.

Oṣù Kẹta ọdún yìí, Yèyé yọ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀, egungun itan wọn kán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la lò ní ọsibítù. Oṣù méjì gbáko ló kọjá kí ìwọ tó gbọ́.

Èmi ni mo ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Mo ní ìdánwò ẹ ti sún mọ́lé, kí ọkàn ẹ má bàa dàrú. Lọ́jọ́ Àìkú tí o pè pé kí á jọ rí ojú ara wa, mo sọ fún àbúrò ẹ kó di fóònù mú ga, kó jẹ́ ojú Yèyé nìkan lo máa rí. Mo ti ọ̀pá tí wọ́n fi ń kọ́ ìrìn sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Yèyé ń rẹ́rìn-ín sí ọ, wọ́n ń ṣàdúrà fún ọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn òsì ti di igi bẹ́ẹ̀dì mú pinpin nítorí ìrora, gbogbo iṣan ọwọ́ náà ló dìde. Èmi ń wo ọwọ́ yẹn. Ìwọ ò rí i. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ojú la fi bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

A ò sì mọ̀ pé ìwọ náà ti ti ọ̀pá tìẹ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́hùn-ún. Oṣù Kejì ni wọ́n ti ní kí o máa lọ níbi iṣẹ́. O ò sọ. O bẹ̀rẹ̀ sí í pa kámẹ́rà, o ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Bàbá ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Ohùn ọmọ yìí ti fẹ́lẹ́." Mo ní òtútù ni. Bí oṣù bá sì ti parí, owó á tún wọlé, bó ṣe ń wọlé tẹ́lẹ̀. Àṣé ṣe lo ń yá a lórí kádì, tí èlé ń gun orí èlé. Owó oṣù Kẹrin yẹn, ṣé o mọ ohun tí mo fi ṣe? Mo fi ra aṣọ ẹbí. Mo wọ̀ ọ́, mo jó. Tí mo bá mọ̀ pé gbèsè ọmọ mi ni mo ró mọ́dìí, ṣé ẹsẹ̀ mi á gbé mi dé ojú agbo?

Nítorí náà, Àjíkẹ́, mo bẹ̀ ọ́, èmi náà sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ tèmi níwájú bàbá ẹ: kí á má fi nǹkan pa mọ́ fún ara wa mọ́. Tí ara Yèyé ò bá yá, màá sọ fún ọ lọ́jọ́ náà, bó bá tilẹ̀ jẹ́ àárín òru tiyín. Tí iṣẹ́ bá bọ́, tí ìwọ àti ọkọ ẹ bá ń jà, tí owó ilé bá ń dà ọ́ láàmú, sọ fún mi bó ṣe rí. Mi ò lè fò wá, ṣùgbọ́n mo lè gbé e sínú àdúrà, mo sì lè sọ fún ọ pé kí o má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ títí ara á fi tù ọ́. Mi ò sọ pé kí o sọ ọ́ fún gbogbo ẹbí o. Kò yẹ kí àǹtí ẹ ti Ìbàdàn gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ìwọ àti ọkọ ẹ. Èmi àti bàbá ẹ tó.

Ìgbà tí ọwọ́ ẹ bá ṣófo gan-an ni kí o pè. Mo ti ń ṣàkíyèsí àwọn ọmọ ìlú yìí tó lọ sókè òkun tí wọ́n di àwátì. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ilé. Ìtìjú ni. Wọ́n á ní, "Jẹ́ kí nǹkan gún régé díẹ̀, kí n tó pe ìyá mi." Oṣù á di mẹ́ta, á di ọdún kan. Nígbà tó bá yá, ìtìjú pé àwọn ti pẹ́ láìpè á wá ju ìtìjú àìlówó lọ, wọn ò sì ní mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ mọ́.

Mo rí irú ẹ̀ ní kékeré. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gáná fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Àwọn Yorùbá tó ti fi Gáná ṣe ilé ń já bọ́ láti inú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Ọkùnrin kan dé àdúgbò wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé àpótí onípáànù sílẹ̀, ó dúró lójúde ilé wọn, ó ń pe ìyá ẹ̀ kó wá ṣílẹ̀kùn. Ìyá náà ti kú láti ọdún mẹ́fà. Àwọn tó jáde sí i ò mọ̀ ọ́n, òun náà ò mọ̀ wọ́n. Ó ṣáà ń pe ìyá ẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, mi ò tíì gbàgbé ohùn yẹn.

Bàbá tó bí mi náà rìn jìnnà, àmọ́ tiwọn yàtọ̀. Òṣómàáló ni wọ́n. Wọ́n á ta aṣọ ní àwìn, tí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san án. Ọ̀nà Jẹ́bà ni wọ́n máa ń ná, wọ́n lè lo oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà kí wọ́n tó wálé. Kò sí fóònù nígbà náà. Wọn ò mọ̀wé, Yèyé náà ò mọ̀wé. Akọ̀wé kan ní Jẹ́bà ló ń bá wọn kọ lẹ́tà, awakọ̀ akẹ́rù á mú un wá sí gáréèjì, èmi ni màá kà á fún Yèyé nídìí fìtílà.

Ó yẹ kí o gbọ́ bí lẹ́tà wọn ṣe ń lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ayálégbé tó wà ní yàrá ìta. Wọ́n á béèrè bóyá ewúrẹ́ dúdú ti bímọ. Wọ́n á béèrè bóyá ikọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á béèrè bóyá a ti rí ẹni mọ ògiri ẹ̀yìnkùlé tí òjò wó. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ọ̀rọ̀ owó máa ń wà, ìlà kan péré: ó wà lọ́wọ́ awakọ̀, ẹ kà á kó pé. Yèyé máa ń ní kí n tún ibi tí wọ́n ti béèrè ògiri kà. Màá kà á lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Wọ́n ṣì wà nílé."

Ìwọ ń fi owó ránṣẹ́, ọmọ mi, o ṣeun, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó tán lọ́wọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kó tó di pé ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti tó ọdún méjì tí ìbéèrè ẹ ò fi ju "Mọ́mì, ṣé owó ti wọlé?" lọ. O ò béèrè ìsọ̀ mi. O ò béèrè igi ọsàn tí ìwọ fúnra ẹ gbìn. O ò mọ̀ pé bàbá ẹ ti yọ eyín méjì.

Ọ̀rọ̀ bàbá ẹ ń dùn mí. O máa ń sọ pé tí o bá pè, "ṣé dáadáa ni" nìkan ni wọ́n máa ń sọ, tí wọ́n á dá fóònù padà fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ ò sí ńbí lọ́sàn-án Àìkú. Tí kò bá síná, àwọn ni wọ́n ń mú fóònù mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní sólà lójú títì, kó lè kún kó tó di alẹ́. Tí a bá ń sọ̀rọ̀, wọ́n á dín rédíò kù. Tí o bá sọ fóònù kalẹ̀ tán, wọ́n á bi mí pé, "Kí ló jẹ?" Dákun, pe nọ́ńbà tiwọn gan-an lọ́jọ́ kan. Má béèrè mi.

Lónìí ni wọ́n dá aago yín sẹ́yìn ní wákàtí kan. Àná, wákàtí márùn-ún la fi ṣíwájú yín; láti òní títí di oṣù Kẹta, ó di mẹ́fà. Èṣí, a ò mọ̀. Bàbá ẹ jókòó ti fóònù láti aago mẹ́jọ títí di mẹ́sàn-án kí o tó pè, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń nu ojú fóònù náà. Jẹ́ kí á fi sí aago méjì ọ̀sán tìẹ lọ́jọ́ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́jọ alẹ́ tiwa. Tí iṣẹ́ ò bá jẹ́, fi ohùn sílẹ̀ sórí WhatsApp. Láti ìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ fóònù, ti fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìpè àti dátà, rírí ojú ara wa ti ń wọ́n wá, ṣùgbọ́n ohùn ò jẹ dátà púpọ̀. A sì lè tún un gbọ́. Èyí tí o ṣe nígbà tí o ń rìn lọ sí ibùdókọ̀ nínú yìnyín, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Yèyé ní kí a tẹ̀ ẹ́ fún àwọn. Wọ́n ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí." Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pe fóònù pálásà Yèyé náà ní ìpè lásán. Kò ní WhatsApp, ṣùgbọ́n abẹ́ ìrọ̀rí wọn ló ń sùn.

Nípa ọmọ: nígbà tí Yèyé kọ́kọ́ kí i, ó sá sẹ́yìn ẹ, torí kò gbọ́ èdè wọn. Ìwọ àti ọkọ ẹ, ẹ máa sọ Yorùbá sí i nínú ilé. Àwọn olùkọ́ ẹ̀ á kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí o ní kó dọ̀bálẹ̀ síwájú fóònù, tó wá dọ̀bálẹ̀ tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, Yèyé gbéra ńlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, "Ọmọ Ọwá, ọmọ ẹkùn," títí fóònù fi kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọn ò mọ̀ pé ó ti kú. Wọ́n kì í tán.

Nǹkan kékeré kan: wọ́n ti gba WhatsApp ọ̀kan nínú àwa ìyá ìjọ. Ó fún ẹnì kan ní kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà tó wọlé sórí fóònù ẹ̀, ni wọ́n bá ń fi orúkọ ẹ̀ tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá fi orúkọ mi tọrọ owó, pè mí kí o gbọ́ ohùn mi kí o tó ṣe ohunkóhun.

Ọdún Ìwúdè ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà á máa dé láti ibi gbogbo. Àjò ò dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n má yáwó wálé o. San gbèsè kádì yẹn tán ná. A ò lọ síbì kankan.

Òjò oṣù tó kọjá wó ògiri ẹ̀yìnkùlé lápá ibi tí Yèyé máa ń sá àgbàdo sí. Mo ti bá birikìlà sọ̀rọ̀, ó ní ọ̀la lòun máa bẹ̀rẹ̀, bàbá ẹ sì ní ẹnu ẹ̀ ò ṣeé gbà gbọ́. Tí o bá pè lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, bi mí bóyá ó wá.

Èmi ni,
Ìyá ẹ.