Lẹ́tà sí Ọ̀rẹ́ Mi Lórí Monkey Island àti Dead Man's Chest

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ará ilé. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì fara balẹ̀ kà á. Ẹ̀sùn tí o fi kan àwọn tí wọ́n ṣe fíìmù Pirates of the Caribbean: Dead Man's Chest, èyí tí ó jáde ní ọdún 2006, kì í ṣe ẹ̀sùn kékeré. O ní inú géèmù Monkey Island 2: LeChuck's Revenge, tí ó ti wà láti ọdún 1991, ni wọ́n ti jí ìtàn wọn kó, o sì ní kí n sọ èrò tèmi, nítorí pé o mọ̀ pé mo ti fi géèmù náà ṣeré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: ìjọra wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ ju èyí tí o kà sílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyá tí ó bí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìyá náà sì dàgbà ju géèmù àti fíìmù lọ.

Pósí ni o fi ṣe olórí ẹ̀rí rẹ, nítorí náà òun ni n ó kọ́kọ́ mú. Nínú fíìmù, pósí ni a kọ́kọ́ rí kí a tó rí Jack Sparrow, ajalèlókun tí ìtàn náà dá lé lórí, fúnra rẹ̀. Wọ́n ń ju pósí àwọn tí wọ́n kú sínú ẹ̀wọ̀n sí ojú òkun, ẹyẹ ìwò kan bà lé ọ̀kan nínú wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá a, ni ìbọn bá dún láti inú pósí. Jack yọrí jáde, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òkú tí àwọn méjèèjì jọ wà nínú rẹ̀, ó ṣẹ́ egungun ẹsẹ̀ òkú náà, ó sì fi í wa pósí títí ó fi dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Nínú géèmù, pósí ni Guybrush Threepwood, ẹni tí a ń darí nínú eré náà, ń wọ̀ nígbàkígbà tí ó bá fẹ́ lọ rí obìnrin adáhunṣe tí wọ́n ń pè ní Voodoo Lady, ẹni tí ilé rẹ̀ wà láàárín àbàtà ní erékùṣù Scabb. Mo gbà pé bí ènìyàn bá fi àwòrán méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ojú rẹ̀ yóò là. Ṣùgbọ́n rántí pé Herman Melville ti fi pósí gba ẹ̀mí Ishmael là lójú agbami nínú ìwé Moby-Dick ní ọdún 1851. Ẹni tí ó bá ń wá ohun tí yóò léfòó, tí yóò sì mú ìbẹ̀rù àti ẹ̀rín wá pọ̀ nínú ìtàn ojú òkun, kò ní pẹ́ kí ó tó kan pósí.

Ohun tí ó wù mí jù níbẹ̀ ni ọ̀nà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà lò ó. Àpárá ni pósí inú fíìmù. A rẹ́rìn-ín, a sì kọjá. Nínú géèmù, kò sí ẹni tí ó sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Pósí di ọkọ̀ ojoojúmọ́. A wọ̀ ọ́ lọ, a wọ̀ ọ́ bọ̀, títí tí a kò fi rántí mọ́ pé òkú ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Nínú géèmù kan náà, Stan, oníṣòwò aláriwo tí ó ń ta ọkọ̀ ojú omi tẹ́lẹ̀, ti di ẹni tí ń ta pósí àlòkù, a sì ní láti kàn án mọ́ inú ọ̀kan nínú ọjà rẹ̀ kí a tó lè rí ohun tí a ń wá gbà. Ní tèmi, àwàdà yẹn jinlẹ̀ ju ti ìwò àti ìbọn lọ.

Wàyí o, kí a wọ inú àbàtà. O kọ̀wé pé kò lè jẹ́ èèṣì pé Jack àti àwọn ènìyàn rẹ̀ náà wa ọkọ̀ gba inú odò dúdú láàárín igbó lọ sí ahéré Tia Dalma, obìnrin adáhunṣe tí Naomie Harris ṣe. Òótọ́ ni pé kì í ṣe èèṣì, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti wá kò fara sin. Fíìmù náà gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ eré ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ṣí sí ọgbà ìgbafẹ́ Disneyland ní Califóníà ní ọdún 1967. Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ kékeré náà, kì í ṣe àwọn adigunjalè orí òkun ni yóò kọ́kọ́ rí. Àbàtà ni, ní òru, tí iná kóńkó àwọn kòkòrò ń tàn nínú igbó, tí ahéré kan wà ní ẹ̀bá omi, tí baba arúgbó kan sì jókòó sórí àga tí ń mì níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn àbàtà yìí ni ọkọ̀ yóò tó já wálẹ̀ sínú ihò àwọn egungun àti ìṣúra. Ron Gilbert, ẹni tí ó darí géèmù Monkey Island méjèèjì àkọ́kọ́, ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé eré yìí wà lára ohun tí ó mú òun ronú kan géèmù náà. Àwọn tí wọ́n ṣe fíìmù ní tiwọn kò tilẹ̀ lè sẹ́ ẹ, nígbà tí orúkọ eré náà wà lára fíìmù wọn. Nítorí náà ọmọ ìyá ni ahéré méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ajá ọgbà ẹ̀wọ̀n. Nínú eré Disneyland, àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan wà lẹ́yìn irin, ajá kan jókòó síwájú wọn, ó fi ẹnu há kọ́kọ́rọ́. Ọ̀kan nínú wọn na egungun sí i, òmíràn di okùn lọ́wọ́, ajá kò sì dá wọn lóhùn láti ọdún 1967 títí di òní. Nígbà tí wọ́n ti Guybrush mọ́lé ní erékùṣù Phatt nínú géèmù kejì, ajá kan náà ni ó bá níbẹ̀, Walt ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ń fi géèmù náà ṣeré yóò gbé ibùsùn, yóò rí igi lábẹ́ rẹ̀, yóò fi igi fa egungun láti inú yàrá tí ó tẹ̀ lé tirẹ̀, yóò sì fi egungun pe ajá. Ajá yóò wá! Mo fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀, nítorí pé géèmù náà fún wa ní ohun tí eré náà kọ̀ láti fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n rẹ̀. Fíìmù Dead Man's Chest náà mú ajá wọlé, ó wà nínú ọkọ̀ kékeré pẹ̀lú Pintel àti Ragetti, ajalèlókun méjì, lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì ti sá kúrò lẹ́wọ̀n, kọ́kọ́rọ́ sì wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò rí bí wọ́n ṣe rí i gbà. Wọ́n kàn ń jiyàn lórí rẹ̀ ni. Fíìmù lè fo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Géèmù kò lè fò ó, nítorí pé rírí kọ́kọ́rọ́ gbà gan-an ni eré.

Ìwé kan tún wà tí o kò mẹ́nu kàn. Ní ọdún 1987, Tim Powers tẹ ìwé On Stranger Tides jáde, nínú èyí tí àwọn ajalèlókun àti oògùn voodoo ti pàdé, tí òkú kò sì sinmi. Gilbert ti sọ pé inú ìwé yìí ni òun ti rí púpọ̀ nínú ohun tí òun fi kọ Monkey Island. Àwọn onífíìmù náà wá sanwó fún ìwé kan náà, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe fíìmù wọn kẹrin ní ọdún 2011. Nítorí náà, nígbà tí o bá rí balógun ọkọ̀ tí ó ti kú tí ó sì ń pàṣẹ lórí òkun, yálà LeChuck inú géèmù ni tàbí Davy Jones inú fíìmù, má ṣe yára pe ọlọ́pàá. LeChuck jẹ́ iwin nínú géèmù àkọ́kọ́, ó di òkú jíjẹrà tí ń rìn nínú èkejì. Ẹni tí ó gé ọkàn ara rẹ̀ kúrò nítorí ìfẹ́ obìnrin, tí ó sì tì í mọ́nú àpótí, ni Davy Jones. Ìfẹ́ ni ó ba ayé àwọn méjèèjì jẹ́. Ṣùgbọ́n LeChuck kò kábàámọ̀ rí, Davy Jones sì ń fi dùùrù sunkún nínú ọkọ̀ rẹ̀.

Nísinsìnyí ni mo dé ibi tí ẹjọ́ rẹ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu pé ìwọ fúnra rẹ kò lò ó. Yàtọ̀ sí pósí, àbàtà àti ajá, wo bí ìtàn ṣe tò tẹ̀ léra. Nínú géèmù kejì, balógun tí ó ti kú tún padà wá, ó sì ń wá Guybrush kiri. Guybrush sá lọ bá obìnrin inú àbàtà. Obìnrin náà sọ fún un nípa ìṣúra kan tí wọ́n ń pè ní Big Whoop, pé ibẹ̀ ni yóò ti rí ọ̀nà bọ́ lọ́wọ́ LeChuck. Guybrush bẹ̀rẹ̀ sí í wá apá mẹ́rin tí wọ́n pín àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ sí. Nínú fíìmù, Davy Jones ń bèèrè gbèsè lọ́wọ́ Jack. Jack lọ bá obìnrin inú àbàtà. Obìnrin náà sọ ìtàn àpótí tí ọkàn Davy Jones wà nínú rẹ̀. Wíwá kọ́kọ́rọ́ àti àpótí sì bẹ̀rẹ̀. Eré Disneyland kò ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí, nítorí pé baba arúgbó orí àga yẹn kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Níbí ni mo ti rò pé agbẹjọ́rò rẹ lè dìde sọ̀rọ̀.

Èkejì ni ohun tí ń tọ́ ni sọ́nà. Nínú The Secret of Monkey Island ti ọdún 1990, kò sí ẹni tí ó lè dé ìdí ọkọ̀ LeChuck lábẹ́ ilẹ̀ àfi kí ó gba orí òkú kan lọ́wọ́ àwọn ajẹ̀nìyàn erékùṣù náà, orí tí a ń gbé dání tí yóò sì máa yíjú sí ibi tí ó yẹ kí a gbà. Jack ní kọ́ńpáàsì tí kì í tọ́ka sí àríwá. Ohun tí ọkàn ẹni tí ó dì í mú ń fẹ́ jù ni ó ń tọ́ka sí. Fíìmù náà borí géèmù níbí, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Orí òkú kàn ń fi ọ̀nà hàn ni, ṣùgbọ́n kọ́ńpáàsì Jack kò ṣiṣẹ́ mọ́ nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí ó fẹ́, ó sì di dandan kí ó gbé e fún Elizabeth, ọ̀dọ́bìnrin inú fíìmù náà. Irinṣẹ́ kékeré kan ti sọ ìwà ẹni tí ó ni ín fún wa. Fíìmù náà ní àwọn ajẹ̀nìyàn tirẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní fi ìyẹn dá ọ dúró. Ìtàn erékùṣù wo ní ayé àtijọ́ ni kò ní wọn?

Ẹ̀kẹta ni aṣọ ìgbéyàwó, mo sì rò pé òun ni ó ṣe àjèjì jù. Ní òpin géèmù àkọ́kọ́, LeChuck fẹ́ fi tipátipá gbé Gómìnà Elaine Marley níyàwó, Guybrush sì sáré wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì láti gbà á là. Elaine kò sí nínú aṣọ náà rárá. Ọ̀bọ méjì ni ó wà níbẹ̀, nítorí pé obìnrin náà ti ṣe ètò ìdáǹdè ara rẹ̀ sílẹ̀, Guybrush ni ó wá bà á jẹ́. Nínú fíìmù, wọ́n da ìgbéyàwó Elizabeth Swann rú. Ó múra bí ọkùnrin, ó fara pamọ́ sínú ọkọ̀ òkun kan, ó sì mú aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ dání. Nígbà tí àwọn atukọ̀ rí aṣọ náà, wọ́n rò pé iwin obìnrin wà nínú ọkọ̀, Elizabeth sì gbé aṣọ òfìfo náà rìn níwájú wọn bí iwin títí wọ́n fi darí ọkọ̀ sí Tortuga, ibi tí òun fẹ́. Nínú ìtàn méjèèjì, aṣọ ìgbéyàwó tí ìyàwó kò sí nínú rẹ̀ ni obìnrin ọlọ́gbọ́n kan fi tan àwọn ọkùnrin jẹ. N kò rí i nínú eré Disneyland. N kò rò pé olè ni, nítorí pé èrò náà bá ìwà Elizabeth mu délẹ̀délẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́ ìwọ, n kò ní fi í sílẹ̀.

Ilé tí géèmù àti fíìmù ti jáde kò tilẹ̀ jìnnà síra wọn. Ilé iṣẹ́ George Lucas ni ó ṣe géèmù náà; Industrial Light & Magic, tí Lucas kan náà dá sílẹ̀, ni ó fi kọ̀ǹpútà ya irùngbọ̀n Davy Jones tí ń rìn bí ejò, iṣẹ́ tí ó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar. Disney, tí ó ni fíìmù náà, wá ra Lucasfilm, ilé iṣẹ́ Lucas, ní ọdún 2012, nítorí náà bí ó bá jẹ́ pé ẹjọ́ ni, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa pe ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Géèmù Sea of Thieves ti gba Jack Sparrow àti Davy Jones lálejò ní ọdún 2021, ó sì gba Guybrush àti LeChuck ní ọdún 2023. Òkun kan náà ni gbogbo wọn wà báyìí.

Bí àyè bá gbà ọ́, wá Monkey Island 2 tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2010. Gilbert, Tim Schafer àti Dave Grossman ń sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ wọn nínú rẹ̀ bí ènìyàn ti ń fi géèmù náà ṣeré lọ, ìwọ tí o fẹ́ràn láti mọ ibi tí èrò ti ń wá yóò gbádùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, tún wo apá inú ọkọ̀ tí Elizabeth ti ń fi aṣọ dẹ́rù ba àwọn atukọ̀, kí o sì kọ̀wé sí mi bóyá ìwọ náà rí Elaine níbẹ̀ bí mo ti rí i.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.