Férémù Afárá Bailey àti Bóòtù Tó Dẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti sọ̀rọ̀ lórí afárá onírin tí Donald Bailey, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé kalẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Férémù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn irin tí wọ́n ń tò pọ̀ di afárá, gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ènìyàn 6 sì lè gbé e. Bí ẹrù tí yóò gba orí afárá náà kọjá bá ṣe wúwo tó ni wọ́n ṣe ń to férémù méjì tàbí mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tàbí kí wọ́n gbé òmíràn lé e lórí, kí wọ́n sì fi bóòtù dè wọ́n pinpin. Bóòtù yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fojú kéré (èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí), bẹ́ẹ̀ férémù méjì tí bóòtù wọn dẹ̀ kì í jọ ru ẹrù bó ṣe yẹ.

Èmi ni òǹkàwé yín.